Oògùn inú báàgì akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ọmọ ọdún 16 ni Chika Amalaha nígbà tí wọ́n gba wúrà irin gbígbé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdíje Kọ́múnwẹ́ẹ̀tì ní Glasgow, lọ́dún 2014. Oògùn tó ń múni tọ̀, tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eléré, ni wọ́n bá nínú ara rẹ̀. Orúkọ ọmọ náà ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn àgbà tó wà láyìíká rẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kàn wá ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025, ọ̀pọ̀ òbí sì ti ń fojú sọ́nà pé ẹsẹ̀ ọmọ àwọn ló máa gbé e dé Yúróòpù. Ẹ wá wo báàgì tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ń gbé kiri pápá àdúgbò: omi inú ọ̀rá, róòbù, agbo inú ike, oògùn ara ríro tí kò ní páálí mọ́. Ọmọ tí orúnkún ń ro á nawọ́, á gbé e mì, kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Bó bá lọ jẹ́ tramadol, oògùn ara ríro tó le gan-an, ńkọ́? Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá, ti kà á léèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Ohun tó bá wọ ara eléré, ọrùn eléré ló wà. “Mi ò mọ̀” lè dín ìyà kù, kì í pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

Àìbìkítà àwọn àgbà náà tún ń ṣàkóbá fún ẹni tí kò lo nǹkan kan. Ní Olíńpíìkì Tokyo, eléré Nàìjíríà mẹ́wàá ni wọn kò jẹ́ kó díje nítorí pé àyẹ̀wò oògùn tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn ṣáájú kò pé.

Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ Nàìjíríà tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá sọ̀kalẹ̀ wá sí Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, kó má dúró de àwọn tó ti di gbajúmọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fún ọmọdé ní oògùn tí dókítà kò kọ, òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé kúrò ní pápá.

Wọ́n á ní kò sówó. Lóòótọ́, àyẹ̀wò wọ́n. A kò ní ilé àyẹ̀wò kankan tí WADA fọwọ́ sí, òkè òkun là ń fi ìtọ̀ ránṣẹ́ sí. Àmọ́ èló ni ìwé pélébé tí a kọ lédè Yorùbá nípa àwọn oògùn tí a kà léèwọ̀, tí a lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá tí wọ́n ti ń wọ jẹ́sì? Kí wọ́n má gbàgbé agbo níbẹ̀, nítorí aláagbo kì í kọ ohun tó pò pọ̀ sára ike.

Kí ìdíje ìgbà ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, kí ìjọba Ògùn sọ fún wa ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú.