Ọkùnrin Tó Wé Gèlè Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìlọrin lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tí iná bá wà, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri, kò ní í pẹ́ kí ó tó rí i tí aláwàdà kan yóò yọ: ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń hàn lábẹ́ àtíkè, tó ró ìró, tó wé gèlè, tó ki àkísà bọ àyà kí ó lè dà bí ọmú, tó sì mú sílípáàsì lọ́wọ́ tó ń fi ohùn tín-ín-rín lé ọmọ rẹ̀ kiri agbo ilé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi gbàgbé abẹ́rẹ́ sára aṣọ. Alfa tó wá gba jalábíà rẹ̀ á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, á kọjú sí ìta, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Ìyá àgbàlagbà kan tó gbé aṣọ ẹbí wá á wo eré náà fún ìgbà díẹ̀, á wá bi télọ̀ pé, "Ṣé bí gbogbo ìyá ṣe rí nìyí ni?"

Nínú àríyànjiyàn tó ń lọ lórí bóyá ó tọ́ kí ọkùnrin máa múra bí obìnrin nínú eré tẹlifíṣọ̀n, ohùn alfa yẹn ni a ń gbọ́ jù, ẹ̀rín àwọn ọmọ iṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Ìbéèrè ìyá náà kì í sábà dé orí rédíò. Nítorí náà, a fẹ́ tètè sọ ibi tí a dúró sí: a kò fara mọ́ kí ìjọba, àjọ kan tàbí ọlọ́pàá lé irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí aṣọ tí òṣèré wọ̀. Bí a bá máa bá àwọn tó ń gbé eré jáde fa ọ̀rọ̀, ìwà tí wọ́n ń gbé wọ obìnrin nígbà tí wọ́n bá wọ aṣọ rẹ̀ ni kí a bá wọn fà.

Kò sí bí a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìlọrin kí a fo ẹ̀sìn dá. Àdíìsì tí Bukhari gbà sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas sọ pé Ànábì ṣẹ́ èpè lé ọkùnrin tó ń fara wé obìnrin àti obìnrin tó ń fara wé ọkùnrin; ìwọ̀nba ni ọmọ ilé kéwú tí kò gbọ́ ọ rí. Àwọn Kristẹni Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ìsánlú-Ìsin náà ní ìwé Diutarónómì, orí 22, ẹsẹ 5, tí wọ́n ń kà. A kò ní í bá alfa tàbí pásítọ̀ jiyàn lórí ìwé tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún àwọn tó ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wáàsí yàtọ̀ sí iṣẹ́ àṣẹ ìjọba. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi owó ìpínlẹ̀ gbé ró jẹ́ ti ará Baruten bí ó ti jẹ́ ti ará Ìlọrin, ó sì jẹ́ ti ẹni tó ń bọ Ṣàngó bí ó ti jẹ́ ti ẹni tó ń kírun.

Àwọn mìíràn kì í mẹ́nu ba ẹ̀sìn. Àṣà òyìnbó ni, wọ́n á ní, kò sí nínú tiwa. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ bi àwọn àgbà Ìgbómìnà léèrè. Nínú eré egúngún apidán, Ìyàwó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọkùnrin ń gbé jáde, tí á máa rọra rìn, tí á máa jùdí, tí gbogbo ọjà á sì hó yèè. Elégùn Ṣàngó ń di irun bí obìnrin títí di òní. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àwọn Kétu, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún iyebíye fún gbogbo ayé, ọkùnrin ló ń gbé e, ọmú igi àti ìdí àkísà ló sì fi ń jó láti bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Kódà orin dàdàkúàdà tí a fi ń yangàn ní Ìlọrin, àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ tọpa rẹ̀ dé ìdí ewì egúngún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wa ni inú wa máa ń dùn tí wọ́n bá rán wa létí.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi egúngún gbèjà ara wọn kì í sọ ìtàn náà parí. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe Ìyàwó? Wọn kò jẹ́ kí obìnrin wọ ẹ̀kú ni. Bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn: ní Japan, ìjọba lé obìnrin kúrò nínú eré kabuki ní 1629, ọkùnrin sì gba ipò wọn títí di àsìkò yìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdékùnrin ló ń ṣe ayaba lórí ìtàgé kí wọ́n tó gba obìnrin láyè ní 1660. Nílé wa níbí, nígbà tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin wọ ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1947, ojú aṣẹ́wó ni àwọn òbí fi ń wo iṣẹ́ náà, ó sì di pé ó ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má baà tú. Lóòótọ́, tiwa ni àṣà kí ọkùnrin ṣe bí obìnrin nínú eré. Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ obìnrin ló sì bí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí a kì í fẹ́ dé nìyẹn nígbà tí a bá ń sọ pé àṣà ni.

Ohun tí wọ́n ń pè ní drag ní Amẹ́ríkà, ìyẹn eré tí ọkùnrin ti ń múra bí obìnrin, kò gba ojú ọ̀nà kan náà wá. Lóòótọ́, aláwàdà kan tó ń jẹ́ Milton Berle ti ń wọ gáùn lórí tẹlifíṣọ̀n wọn láti 1948 kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín lásán, Flip Wilson tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú sì ń ṣe obìnrin kan tó ń jẹ́ Geraldine nínú ètò rẹ̀ láti 1970 sí 1974. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé ijó òru, níbi tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn, tí ìlú ti ta nù, ti ń pàdé ara wọn, ìmúra náà di iṣẹ́ ọnà, ó sì di ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn náà wà láyé. Ibẹ̀ ni RuPaul ti wá, tó gbé ìdíje àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀ wọ tẹlifíṣọ̀n ní 2009. Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan: ní 2006, aláwàdà Dave Chappelle sọ nínú ètò Oprah Winfrey pé wọ́n fẹ́ kí òun wọ aṣọ obìnrin níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, òun sì kọ̀ jálẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n ṣòfin ní 2023 láti lé irú eré kan bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí ọmọdé ti lè rí i. Adájọ́ kan wọ́gi lé òfin náà ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì yí ìdájọ́ rẹ̀ padà ní 2024. Bí àwọn tó ni ín kò bá tí ì parí ìjà wọn lórí rẹ̀, kò yẹ kí àwa gbé ìdájọ́ wọn wá sílé bí ẹrù tí a ti dì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ ni pé aláwàdà tó ń ṣe Ìyá Sikirá, òṣèré drag tòkèèrè, àti ẹni tó yàn láti máa gbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́ bí obìnrin, gbogbo wọn ni a ń kó sínú àpò kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, níbi ìfihàn fíìmù kan ní Èkó, wọ́n fún Bobrisky, ọkùnrin tó ń gbé ayé rẹ̀ bí obìnrin, ní àmì-ẹ̀yẹ obìnrin tó múra jù lọ; ariwo sọ, ẹni tó ni fíìmù náà sì ní láti tọrọ àforíjì. Ohun yòówù kí èèyàn rò nípa ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèré tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí yóò bọ́ ọ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà. (Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn pé èdè tí kì í ya akọ kúrò lára abo nínú "ó" àti "wọ́n" ni a fi ń ja irú ìjà yìí.)

Ní ti òfin, ó ti wà nílẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe mọ̀ lọ. Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, tí Kwara sì jogún, ka ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn alárìnkiri tí òfin lè fìyà jẹ. Abala 405 ni. Kò sì ya òṣèré sọ́tọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Muda Lawal Umar láti Bauchi gbé àbá lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá pé kí ìmúra bẹ́ẹ̀ di ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà. Àbá náà kò di òfin. Síbẹ̀, òun tó gbé e wá yọ eré orí ìtàgé àti eré ìgbádùn fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àbá tí gbogbo ayé ń pariwo pé ó ti le jù gba òṣèré láyè ju òfin tó wà lọ́wọ́ wa láti 1960 lọ.

Ọ̀kan nínú wa lọ síbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ya eré nínú agbo ilé kan ní Tanke, ní Ìlọrin. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe ìyá ti wé gèlè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wé e fún un, ó gbà wọ́n tó wákàtí kan, òun náà ló sì dúró sẹ́yìn kámẹ́rà tó ń rán an létí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá gbàgbé. Òùngbẹ ń gbẹ ọ̀dọ́kùnrin náà. Obìnrin tó ń ta píọ̀-wọ́tà kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ lódìkejì títì. Ó yọjú ní géètì, ó rí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó dúró níwájú díẹ̀, ó padà sẹ́yìn. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò ti lé òun rí, tí òun fi ìró lọ́wọ́ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ ra omi náà wá. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń lé e yẹn lè jẹ́ àwọn kan náà tó ń wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló mú wa padà sórí ìbéèrè ìyá tó gbé aṣọ ẹbí wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá inú eré náà ló mọ̀ lórí, ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ dùn ju àbúrò rẹ̀ lọ. A bi ẹni tó ń darí eré ìdí tí kò fi jẹ́ kí ó ṣe é. Ó ní, "Kò ní í pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Kí ló wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ẹ wo eré mẹ́wàá irú rẹ̀. Ìyá náà á ṣahun ẹran, á bú aládùúgbò, á gbé fóònù sétí lódì, á fi èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ ẹ̀pà. Bàbá á jókòó jẹ́jẹ́ bí ọlọ́gbọ́n. Ìdí tó fi gbọdọ̀ jẹ́ ọkùnrin ni pé obìnrin tó bá wọ aṣọ ara rẹ̀ á sọ ọ́ di èèyàn, ẹ̀rín á sì yàtọ̀. Maryam Apaokagi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Taaooma, tó kàwé gboyè ní KWASU ní Malete, ti ṣe ìyá tó ń gbá ọmọ létí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn kò sì dẹ́kun ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín yẹn mọ̀ pé òun mọ ìyá náà, pé ìyá náà ní ìdí. A kò sọ pé ọkùnrin kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. A ti rí ọkùnrin tó ṣe ìyá àgbà tí omijé bọ́ lójú wa. Wọ́n kàn kéré níye, ó sì dà bí ẹni pé owó kì í tètè dé ọwọ́ wọn bíi ti àwọn tó ki àkísà sídìí.

Ní ti àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tí òfin 1992 dá sílẹ̀, ti ní ìlànà lórí àkókò tí ètò àgbàlagbà lè wáyé àti bí a ṣe gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún òǹwòran. Dẹ̀kódà olówó oṣù pẹ̀lú ní nọ́ńbà àṣírí tí òbí lè fi ti ìkànnì. Ọ̀rọ̀ rírùn àti ìfẹ́kúùfẹ́ ni kí NBC fi ìlànà yẹn mú, ẹni yòówù kí ó wọ ìró.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara àti àwọn tẹlifíṣọ̀n wa. Ìlà kan ṣoṣo tó yọ eré àti ìmúrasílẹ̀ fún eré kúrò nínú abala 405 tó láti jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin Tanke yẹn sọdá títì, kò sì pọn dandan kí aṣòfin kankan fẹ́ràn eré rẹ̀ kí ó tó dìbò fún un. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ní tiwọn ń gba eré lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n lè sọ ọ́ di àṣà pé ẹni tó bá mú eré tí ọkùnrin ti ṣe ìyá wá yóò sọ iye obìnrin tó dán ipò náà wò kí ó tó fún ọkùnrin. Ẹ̀ka eré oníṣe Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ obìnrin ní iṣẹ́ yìí. Iye owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Tanke kò ga.