Ọlọ́tí ńkọ́?

Tí ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n obìnrin Johannesburg, ní South Africa, bá ti délẹ̀, orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni Winnie Mandela, ìyàwó Nelson Mandela nígbà yẹn. Ẹni tó bá mọ ìtàn díẹ̀ sí i á fi Albertina Sisulu, obìnrin ajàjàgbara mìíràn, kún un. Kò burú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, àwọn méjèèjì wà lára obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí ọlọ́pàá kó torí wọ́n yarí pé àwọn ò gba ìwé páàsì, ìwé tí òfin ní kí ènìyàn dúdú máa mú rìn. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni Winnie nígbà yẹn, ó tún lóyún sínú.

Àwọn tó kù ńkọ́? Àwọn tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbàgbé páàsì sílé. Ìyá tó pọn ọtí àgbàdo tà kó lè rówó ilé san. Ìjọba ìlú sì rèé, ó ń ta irú ọtí yẹn gan-an ní ilé ọtí tiẹ̀, ó ń pawó! Àfi tó bá jẹ́ obìnrin dúdú ló pọn ọ́n ló tó di ẹ̀ṣẹ̀. Lójú tèmi, ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú pọ́ńbélé ni ọlọ́tí yẹn, bí kò tiẹ̀ pariwo òṣèlú rí.

Ẹ wo fọ́tò ilé ẹ̀wọ̀n náà: bíríkì pupa, gbọ̀ngàn róbótó tí ìmọ́lẹ̀ ń gba orí òrùlé wọ̀. Ẹ ó rò pé ilé ìwé ọmọ olówó ni. Inú ibẹ̀ ni wọn ò ti jẹ́ kí obìnrin dúdú wọ pátá. Bàtà náà, kò sí. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kò ní pátá nídìí! Ẹ̀yin obìnrin, mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó àwọn òyìnbó sí.

Nígbà tí wọ́n ti Fatima Meer, òǹkọ̀wé tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, mọ́bẹ̀ ní 1976, ó fi ọ̀dà ya ohun tójú ẹ̀ rí, wọ́n sì dọ́gbọ́n gbé àwòrán náà jáde. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ère ìrántí lọ.

Wọ́n ti ọgbà náà pa ní 1983. Mùsíọ́mù ni báyìí, ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà sì ti wà nínú ọgbà kan náà láti 2004. Lọ́jọ́ tí mo bá débẹ̀, ọlọ́tí ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.