Ọwọ́ Àgbà Kò Wọ Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà á gbé ohun tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀, ọmọdé á kó ti inú kèrègbè jáde. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tún ń bọ̀, ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọbìnrin ti ń hù bí olú, àwọn àgbà tó ń darí wọn sì tún fẹ́ máa ti ọwọ́ bọ ibi tí kò gbà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná. Ọmọ so LED, gílóòbù kékeré kan, mọ́ bátìrì 9 volt, kò tàn. Kó tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, olùkọ́ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i, iná tàn, wọ́n ya fọ́tò. Ohun tí ọmọ yẹn kọ́ kò ju pé ẹlòmíì ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjì péré ni LED ní: èyí tó gùn ń lọ sí ojú àmì àròpọ̀ bátìrì, èyí tó kúrú ń lọ sí ojú àmì àyọkúrò. Bí wọ́n bá fi sódì, kò ní tàn. Bí kò bá sí resistor, ohun tó ń dín agbára iná kù, láàárín, LED á jó. Resistor 330 ohm tó láti mú iná tó ń gba inú rẹ̀ wá sí nǹkan bí 20 milliamp. Ẹ bi í pé, “Ẹsẹ̀ wo lo fi síbí?” kí ẹ sì káwọ́ sẹ́yìn. Bí mẹ́ta bá jó kó tó mọ̀ ọ́n, kó jó. LED kò wọ́n.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ọmọ méjì sí ẹyọ kan: ọ̀kan ń tẹ̀, èkejì ń kà á síta, ó ń wá àṣìṣe. Kí wọ́n pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15, kí aago sì dún, torí láìsí aago, ọmọ tó láyà jù kò ní dìde. Ẹ má kó mẹ́fà sídìí ẹ̀rọ kan. Méjì á ṣiṣẹ́, mẹ́rin á máa kun àkọlé. Ẹ sì wò ó dáadáa, àwọn mẹ́rin kan náà ni lójoojúmọ́, àwọn tí ohùn wọn kì í lọ sókè.

Pẹpẹ tó jẹ́ ti àgbà ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wọn kì í nawọ́ sí. Ta ni yóò mú ọmọ lọ sílé bí ilẹ̀ bá ṣú? Ìwé orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá mú un dà? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé há látinú, tí páàdì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ ń tọrọ? Oúnjẹ díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí bó bá jẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé ni, láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti wà ní kíláàsì. Àgbà méjì nínú yàrá nígbà gbogbo, kò sí àwáwí. Ọmọ tó ń tọ́jú àbúrò lẹ́yìn ilé-ìwé, bí ẹ kò bá wá igun kan fún àbúrò yẹn, ọ̀sẹ̀ kejì kò ní bá a níbẹ̀. Ẹ ó wá sọ pé kò nífẹ̀ẹ́ sí sáyẹ́ǹsì.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ariwo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi, ó tún di ọdún tó ń bọ̀: ẹ̀tàn ni. Wákàtí kan àbọ̀ lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, títí sáà á fi parí, ló ń mú ọmọ dé ibi tí yóò ti fúnra rẹ̀ yan iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, kí ẹnìkan pe òbí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ṣe aṣọ aláwọ̀ píńkì àti pátákó ńlá nígbà tí wáyà kò kárí, ojú kò tì yín? Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́jọ́ ìparí, ẹ ní kí ọmọ tú ohun tó ṣe palẹ̀, kó tún un tò lójú yín. Bí kò bá lè tò ó, ẹ lọ gba owó yín.