Ẹni Tó Ń Rán Ejò Sí Wa

Ejò kẹta rèé láàárín oṣù méjì! Lálẹ́ àná, iná ti lọ, mo mú tọ́ọ̀ṣì wọ kíṣìnnì kí n lọ bu omi mu. Bí mo ṣe tàn án sẹ́yìn sílíńdà gáàsì báyìí, sèbé ló nàró síbẹ̀. Ó fẹ ọrùn pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ń mí hìì, hìì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ sèbé mọ̀ pé kò dìgbà tó bá géèyàn jẹ, ojú ló ń tu oró sí. N ò mọ bí mo ṣe dé orí tábìlì ní pálọ̀. Àwọn gende àdúgbò ló bá mi pa á.

Ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, ní Ìkòròdú níbí, là ń gbé. Ilẹ̀ òfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà. A ò bá a rà á! Kó ṣáà ro ó! Ọdún méje, àdá ò kàn án. Koríko ti ga ju ògiri lọ, ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí, eku ń jẹ, eku ń bí. Ibi tí eku bá pọ̀ sí, ṣé ejò ò ní wá jẹun ni? Lọ́dún tó kọjá a dá owó jọ, a ní ká sán an. Ẹni tá ò rí sójú rí bá dé pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́rin: "Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ ilẹ̀ mi?"

Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn wá ńkọ́? Wọ́n ní kí n da iyọ̀ yí ilé ká. Òjò kan péré ló gbá a lọ. Wọ́n ní orógbó ni ejò ń sá fún. Mo tò ó sójú fèrèsé, kó tó di ìrọ̀lẹ́ àna mi tó wá kí wa ti jẹ ẹ́ tán. Mo ra imí ọjọ́, àwa la sá jáde nínú ilé, ejò ò sá. Ìyá kan tiẹ̀ ní wọ́n rán an sí mi ni. Ẹni tó rán an kúkú nìyẹn, ó kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri!

Òótọ́ ni, èmi náà jẹ̀bi díẹ̀: àjẹkù búlọ́ọ̀kù ti wà lẹ́yìn kíṣìnnì látìgbà tá a kọ́lé. Mo ti kó o lónìí. Mo ti fi sìmẹ́ǹtì dí ihò páìpù, mo ti kan rọ́bà sábẹ́ ilẹ̀kùn, àlàfo tó wà níbẹ̀ gba ìka méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ọdún mẹ́rin ń ṣeré níta. Bí ejò bá bù ú jẹ lóru, lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò yìí, ilé ìwòsàn wo la máa bá abẹ́rẹ́ oró ejò?

Mo ti ra àdá méjì. Láàárọ̀ Sátidé, kí onílẹ̀ wá bá mi níbẹ̀.