Ẹ yé kó owó lé Mbps torí bọ́ọ̀lù online, ibẹ̀ kọ́ ni lag ti ń wá

Ọ̀rọ̀ yìí ti di òfin lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PS tàbí Xbox, pé tí EA FC, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ FIFA tẹ́lẹ̀, bá ti ń lag lọ́wọ́ ẹ, tó ń pẹ́ kó tó ṣe ohun tó o tẹ̀, net ẹ ni ò yára, lọ ra èyí tó tóbi. Wọ́n á ní 10Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń ka iye dátà tí net lè gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kéré, lọ sí 50, tí 50 náà bá tún ń lag wọ́n á ní ó ku díẹ̀, 100 lo nílò. Àwọn tó ń ta net náà ò ní bá yín jiyàn, ọjà wọn ni. Bẹ́ẹ̀ bíńtín ni bọ́ọ̀lù online ń lò nínú gbogbo Mbps yẹn, ẹni tó ní 5Mbps tó dúró sójú kan lè máa gbá a geere nígbà tí ẹni tó ní 100 ń tẹ pádì tí bọ́ọ̀lù ò kúrò lẹ́sẹ̀ player ẹ̀. Ó ń dùn mí, torí owó gidi làwọn èèyàn ń ná sí i, àwọn ọmọ kékeré tó ń yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ wà níbẹ̀, wọ́n á dẹ̀ ra á tán kí lag yẹn ṣì jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí PS ń fi ránṣẹ́ gan-an. Kì í ṣe àwòrán o. Pápá, òǹwòran, ojú Saka, kóríko, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú PS yín láti ọjọ́ tí ẹ ti download géèmù náà, ìdí tó fi ń jẹ 40GB sókè nìyẹn. Tí match bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí net ò ju “ó tẹ square, ó yí sápá òsì, ó ń sáré” lọ. Ká ní ẹ̀rọ yín ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ byte 100, byte 6,000 nìyẹn, ẹ wá sọ ọ́ di wákàtí kan gbáko, kò tó 22MB, àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ ò tó 44MB. Tí a bá fi Mbps wọ̀n ọ́n, àlọ nìkan ò tó ìdá kan nínú ogún Mbps kan, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó wo iye dátà tó máa lọ tó bá jókòó wo fídíò TikTok fún wákàtí kan náà.

Ṣebí kí fiber, net inú wáyà dígí, tó dé rárá làwọn èèyàn ti ń gbá géèmù eré ìdárayá lórí net. Ọdún 2000 ni Sega gbé NFL 2K1 jáde lórí Dreamcast, football tàwọn ará Amẹ́ríkà ni, mọ́dẹ́ẹ̀mù 56K (ìyẹn 0.056Mbps) tí wọ́n kì sínú ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi ń bá ara wọn gbá, wáyà tẹlifóònù ilé ni wọ́n ń kì í bọ̀. Mbps kan ṣoṣo ju ìlọ́po 17 ẹ̀ lọ. Ó máa ń lag lóòótọ́, torí mọ́dẹ́ẹ̀mù tẹlifóònù máa ń pẹ́ lórí iṣẹ́ kó tó gbé e jáde, àmọ́ dátà tí match fúnra ẹ̀ nílò gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún 2002 Madden, géèmù football Amẹ́ríkà míì, bọ́ sórí net lórí PS2, Xbox Live náà dé ní oṣù November ọdún yẹn. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ní 100Mbps nílé nígbà yẹn.

Ibo wá ni lag ti ń wá? Ìrìn ni. Àsìkò tí iṣẹ́ fi ń kúrò lọ́dọ̀ yín dé server, kọ̀ǹpútà tí match yín ń lọ lórí ẹ̀, kí ìdáhùn tó padà dé, òun là ń pè ní ping, ms ni wọ́n fi ń kà á, ms 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Títì tó fẹ̀ á jẹ́ kí mọ́tò púpọ̀ jọ rìn lẹ́ẹ̀kan náà láti Èkó sí Ìbàdàn, àmọ́ kò fa Ìbàdàn sún mọ́ Èkó. Mbps ni fífẹ̀ yẹn.

Ẹ fojú inú wo penalty báyìí, ìṣẹ́jú 90, ẹ tẹ circle. Pádì sọ fún PS, PS sọ fún ráútà, ráútà jù ú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí sínú fiber, ó gba ibẹ̀ dé Èkó, ó wọ wáyà abẹ́ òkun, wáyà yẹn ò rìn tààrà, etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń tẹ̀ lé yí po títí dé Yúróòpù. MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010 tó bíi 7,000 km láti Èkó dé Portugal. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé dátà nínú wáyà dígí ń rin nǹkan bíi 200,000 km láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ pín in, 35ms ni láti débẹ̀, 70ms ni àlọ àtàbọ̀, a ò tíì kúrò ní Portugal o, a ò tíì dé London tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni server wà, a ò tíì ka gbogbo ráútà tó máa dúró ní ojú ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí Mbps tẹ́ ẹ máa rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé yìí tó máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú dígí. Àwòrán 60 dẹ̀ ni géèmù ń yà sójú TV láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkọ̀ọ̀kan ń gba bíi 16.7ms, tí ping yín bá jẹ́ 100ms àwòrán 6 ti kọjá kí server tó gbọ́ yín kó tó dá yín lóhùn. Àwọn tó ń tẹ shot lẹ́ẹ̀méjì kó lè yọ green, àmì pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lásìkò gẹ́lẹ́, mọ bí àwòrán 6 ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀rí tó ṣe kedere jù ni VSAT, net orí sátẹ́láìtì. Àwọn tó lọ cyber café láyé ọjọ́un á rántí agbada ńlá tó wà lórí òrùlé. Sátẹ́láìtì tí irú ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ wà ní 35,786 km lókè, iṣẹ́ yín á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, ìdáhùn á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, ó ti ń lọ sí 480ms kẹ́nikẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé 50Mbps sórí ẹ̀, fíìmù á wọlé wẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù ò ní ṣe é gbá. Starlink tó wọ Nàìjíríà ní 2023, nǹkan bíi 550 km ni tiẹ̀ wà lókè, ohun tó jẹ́ kó ṣe é gbá nìyẹn, kì í ṣe Mbps tí wọ́n ń kọ síwájú ẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ìgbàgbọ́ yìí ò fi kú. Ẹ lọ sí Test Internet Connection lórí PS, download àti upload ló máa kọ síbẹ̀, kò ní sọ ping fún yín, èèyàn á wá rò pé nọ́ńbà tó rí ni nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì. Xbox sàn jù ní tiẹ̀, ó ń fi latency (ping náà nìyẹn) àti packet loss (iṣẹ́ tó sọnù lójú ọ̀nà) hàn. Àwọn tó ń lo Speedtest lórí fóònù náà ń ṣìnà, torí app yẹn máa ń wá server tó sún mọ́ yín jù, ó lè jẹ́ Èkó níbẹ̀, ó á ní ping yín 12ms, inú yín á dùn, ẹ máa wọ géèmù ẹ máa bá 110. Kò purọ́, ibi tí match yín ń lọ kọ́ ló wọ̀n ni. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń yan server, ẹ yan London tàbí Frankfurt, ẹ wá wò ó.

Ẹlòmíì á ní ṣebí nígbà tí òun kúrò ní 4G bọ́ sórí fiber 100Mbps lag dín kù. Ó dín kù lóòótọ́, àmọ́ fiber ló ṣe é, torí ó yọ ìdádúró àárín ilé yín àti òpó kúrò. Tó bá jẹ́ 20Mbps lórí fiber kan náà lẹ ra, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. 5G tó dé Nàìjíríà ní 2022 náà, àárín ẹ̀rọ yín àti òpó ló ń bá yín kúrú, òkun ṣì wà níbi tó wà.

Ibì kan wà tí Mbps ti kan ọ̀rọ̀, mi ò ní fi pamọ́. Tí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnìkan nínú ilé ń gbé fọ́tò sókè sórí Google tàbí tí PS míì ń download update, ráútà á bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo ẹ̀ sórí ìlà, iṣẹ́ kékeré tiyín á wà lẹ́yìn fọ́tò ńlá, ping tó jẹ́ 90 á fò sí 300. Èèyàn púpọ̀ ló ń pe ìyẹn ní net ò yára. Upload ló sábà ń fà á, òun dẹ̀ lẹnikẹ́ni kì í bèèrè tó bá ń ra net. Tí ráútà yín bá ní QoS, èyí tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ yan ẹ̀rọ tí net máa kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹ tàn án, ẹ fi PS síwájú, ẹ pààlà fún upload kó má kún dé ọrùn.

Wi-Fi wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò jù. PS4 àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní fat tó jáde ní 2013, 2.4GHz nìkan ló mọ̀ nínú àwọn ìlà rédíò tí Wi-Fi ń lò, kò lè gba 5GHz láéláé, Slim àti Pro ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ẹ wo iye PS4 fat London use tó wà ní ìgboro, ẹni tó ni ín á lọ ra ráútà olówó iyebíye torí wọ́n ní 5GHz yára, PS á wá tún padà sórí 2.4 níbi tí ráútà gbogbo ará yàrá mẹ́wàá inú face-me-I-face-you ti ń pariwo, channel mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn lórí níbẹ̀, 1, 6 àti 11. Wáyà LAN tí ẹ máa fà láti ráútà dé PS sàn ju gbogbo ìyẹn lọ, kò dẹ̀ wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju ping kékeré lọ ni ping tí kì í fò. 95 tó dúró sí 95, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n, ẹ máa tètè tẹ pass díẹ̀, ọpọlọ ń kọ́ ọ. Èyí tó jẹ́ 60 báyìí, 210 nísinsìnyí, 80, 250, kò sí ọwọ́ tó lè kọ́ ìyẹn. Ní March 14, 2024 tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, net dàrú ní Nàìjíríà àti káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n ní láti gbé dátà gba ọ̀nà míì, plan tí oníkálùkù san owó ẹ̀ ò yí padà, ìrìn ló yí padà.

Bákan náà ni tẹ́ ẹ bá ń bá ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham ní London gbá friendly. Kódà kó ní 1,000Mbps níbẹ̀, òkun tó wà láàárín yín kan náà ni, ìbéèrè tó kù ni ta ló máa ru ìjìnnà yẹn. Tí server bá wà ní London, ẹ̀yin lẹ máa rù ú.

Kẹ́ ẹ tó bínú sí net rárá, ẹ gbá kick-off offline pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Tí pádì bá ṣì ń pẹ́ níbẹ̀, TV ni. Ọ̀pọ̀ TV pẹlẹbẹ máa ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, ẹ wá Game Mode nínú settings ẹ̀, ẹ tàn án.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra net tuntun lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má bèèrè Mbps lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ wá aládùúgbò tó ń lo net yẹn ládùúgbò yín gan-an, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yan server London nínú Speedtest ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kó tún ṣe é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí gbogbo èèyàn ti wà lórí net, kó sì máa wo ping tó ń yọ nígbà tí download àti upload ń lọ lọ́wọ́, torí Speedtest ń fi ìyẹn hàn báyìí. Tí ti alẹ́ bá ti di ìlọ́po méjì ti àárọ̀, ẹ má san owó yẹn.