Kì í ṣe dúdú nìkan ni òrùlé aṣọ 280 SL

Wọ́n ń pín in kiri pé dúdú nìkan ni òrùlé aṣọ (èyí tó ṣeé ká) ti mọ́tò Mercedes 280 SL ti 1968 sí 1971, pé ayédèrú ni àwọ̀ mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń rú wa lójú nìyí: nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi ń dárúkọ àwọ̀ ọ̀dà ara mọ́tò kì í ṣe nọ́ńbà àwọ̀ aṣọ òrùlé. Káàdì tí ilé-iṣẹ́ kọ fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan ya ọ̀dà, àga àti òrùlé sọ́tọ̀. Nọ́ńbà ṣáṣí, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò, lẹ máa fi béèrè fún káàdì náà.

Bí kò bá sí káàdì, ẹ wo abẹ́ ìṣẹ́po etí aṣọ náà. Mo tú ọ̀kan ní Sùúrùlérè: oòrùn ti sọ òkè rẹ̀ di aláwọ̀ eérú, àmọ́ inú ìṣẹ́po ṣì jẹ́ búlúù tó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọn ò tíì pààrọ̀ aṣọ náà rí.