Ẹ má gé orúkọ ọmọ yín kúrú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọ̀ròyìn. Ìyá tó sọ nínú ìròyìn yín pé òun gé orúkọ ọmọ òun kúrú, kí àwọn olùkọ́ má baà máa ṣì í pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí gan-an. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, Fágbénró ni mò ń jẹ́. Àwọn Faransé máa ń pín "gb" sí méjì, wọ́n á sì sọ "gbén" di "gban". Màá dá wọn dúró, màá tún un pè fún wọn, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń mú un. (Àwọn Fọ̀n àti Gùn tí a jọ ń gbé kò ní ìṣòro yẹn rárá, "gb" wà nínú èdè tiwọn náà.)

Lójú tèmi, ìwé ìjọba, tí wọ́n ń kọ ní ìlànà Faransé, ló dá ìṣòro yìí sílẹ̀. Kétu di Kétou, Sábẹ di Savè, Adéṣínà di Adéchina, kò sì sí àmì ohùn lórí káàdì. Níbo ni ọmọ ti fẹ́ gbọ́ ohùn orúkọ rẹ̀ bí kò ṣe lẹ́nu àwa òbí?

Ní 1886, àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey, ìjọba àwọn Fọ̀n ayé àtijọ́, fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Ìlú náà tún dìde, a ṣì ní Alákétu, ọba wa. Kódà ní Bahia, lókè òkun ní Brasil, àwọn oníṣẹ̀ṣe ṣì ń jẹ́ orúkọ Kétu. Ṣé nítorí olùkọ́ kan la ó wá fi tiwa sílẹ̀?

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ọmọ náà tàmìtàmì sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ pè é sí i létí.